Ọ̀sẹ̀ Méjì Láìsí Iyọ̀

Bí a bá ní aláìsàn nílé, ohun tí ó kọ́kọ́ ń wá sí wa lọ́kàn ni kí a se ọbẹ̀ aládùn fún un, kí ara rẹ̀ lè mókun. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú kan wà tí ó jẹ́ pé ọbẹ̀ aládùn náà gan-an ni ó lè ba á jẹ́.

Ẹ̀yà ara kékeré kan wà ní iwájú ọ̀fun wa tí ó rí bíi labalábá. Táírọ́ìdì ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fa áyódíìnì inú oúnjẹ mọ́ra, kí ó sì fi ṣe èròjà tí ń darí agbára àti ìdàgbàsókè ara. Máíkírógíráàmù 150 ni àgbàlagbà nílò lóòjọ́. Bí kò bá rí i tó, ọrùn lè wú; èyí ni ó wà nídìí ọ̀pọ̀ gẹ̀gẹ̀ ayé àtijọ́. Nítorí rẹ̀ ni Nàìjíríà ṣe bẹ̀rẹ̀ ètò pípo áyódíìnì mọ́ iyọ̀ ní ọdún 1993. Oore ńlá ni ètò náà ṣe wá.

Nígbà mìíràn, àrùn jẹjẹrẹ a máa mú táírọ́ìdì yìí. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, a lè fún aláìsàn ní áyódíìnì 131, èyí tí ó ní ìtànṣán, kí ó lè wá ìyókù àrùn náà kàn, kí ó sì pa á. Dókítà Saul Hertz ni ó kọ́kọ́ fi áyódíìnì onítànṣán tọ́jú aláìsàn táírọ́ìdì, ní Boston, ní ọdún 1941. Láti ọdún 2006 ni UCH ní Ìbàdàn ti ní ẹ̀ka tí ń lo irú oògùn onítànṣán bẹ́ẹ̀.

Bí a bá fẹ́ kí agbè gba omi tuntun, a ó kọ́kọ́ da èyí tí ó wà nínú rẹ̀ nù. Bákan náà, bí áyódíìnì oúnjẹ bá ti kún inú ara, oògùn kò ní rí àyè wọlé. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ fún aláìsàn pé, fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kí áyódíìnì inú oúnjẹ rẹ̀ má tó máíkírógíráàmù 50 lóòjọ́.

Ẹ jẹ́ kí a ro ti ìyá kan ní Òjòkú, nítòsí Ọ̀fà, tí ó ń múra àtilọ sí Ìbàdàn. Iyọ̀ ọjà di èèwọ̀ fún un, magí pẹ̀lú. Kò gbọdọ̀ jẹ edé, panla tàbí ẹja òkun mìíràn. Wàrà tí àwọn Fúlàní ń kiri, mílíìkì, pupa inú ẹyin, wàrà sóyà, búrẹ́dì àti irú oníyọ̀, gbogbo wọn ni yóò yẹra fún. Kí ni ó kù? Iyán, àmàlà, ìrẹsì, epo pupa, ẹ̀fọ́, èso, àti ẹran tútù níwọ̀nba. Ata, àlùbọ́sà, atalẹ̀ àti ẹfinrin yóò mú ọbẹ̀ aláìníyọ̀ ṣe é jẹ.

Ebi kọ́ ni ìṣòro rẹ̀. Ìfẹ́ àwọn ènìyàn ni. Aládùúgbò yóò gbé ọbẹ̀ wá, yóò ní, ‘Ìyá, ẹ tọ́ ọ wò, díẹ̀ kò lè pa yín lára.’ Bí ìyá bá kọ̀ ọ́, wọ́n lè rò pé ó ń fura sí wọn. Bí ó bá sì ń jẹ ẹ́, ìnáwó àti ìrìn àjò rẹ̀ lè di asán. Nítorí náà, ẹni tí ń dáná ní láti gbọ́ àlàyé dókítà pẹ̀lú. Kí ọmọ ilé tí ó mọ̀wé máa ka ara àpò àti agolo. Kí àgbà ilé sì ti bá àwọn àlejò sọ̀rọ̀, kí aláìsàn má baà máa fi ọ̀fun tí ojú abẹ rẹ̀ kò tí ì jinná ṣàlàyé fún ẹni gbogbo.

Ìkìlọ̀ wa nìyí: kí ẹnikẹ́ni má dán an wò láìjẹ́ pé dókítà ní kí ó ṣe é. Kí aláìsàn sọ gbogbo oògùn àti àgbo tí ó ń lò. Kí àwọn ará ilé yòókù, pàápàá aboyún, máa jẹ iyọ̀ aláyódíìnì wọn lọ. Òun náà yóò padà sí i bí dókítà bá ti yọ̀ǹda.