Àtẹ Fóònù Kéré, Ẹ Má Dá Mẹ́mórì Káàdì Lẹ́bi

Ọ̀rọ̀ fóònù ni mo gbé wá lóṣù yìí, torí ó ti ṣe mí rí.

Mo ń kọ fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó lórí Chrome nínú fóònù mi. Ó kù díẹ̀ kí n parí, mo ní kí n lọ wo nọ́ńbà àkáǹtì nínú WhatsApp, mo tún ya fọ́tò ọjà fún oníbàárà kan. Ìgbà tí mo máa padà, fọ́ọ̀mù ti ṣófo! Mo ní fóònù kún ni, mo sáré ra mẹ́mórì káàdì. Owó yẹn wọgbó. Kò yí nǹkan kan padà.

Ọmọ tó ń tún fóònù ṣe ló là mí lójú. Ibi méjì ni fóònù ń kó nǹkan sí. Ọ̀kan dà bíi yàrá tí à ń kó ẹrù sí: fọ́tò, fídíò àti orin wà níbẹ̀, òun náà ni mẹ́mórì káàdì ń fẹ̀. Èkejì dà bí àtẹ, wọ́n ń pè é ní RAM. Ohun tí ẹ bá ń lò lọ́wọ́ ló ń wà lórí àtẹ. Bí yàrá tóbi títí, àtẹ ò torí ẹ̀ fẹ̀ sí i. Fóònù olówó pọ́ọ́kú míì, RAM rẹ̀ lè má ju 1GB tàbí 2GB lọ, WhatsApp, Facebook àti Chrome á sì máa du àyè mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Bí àtẹ bá kún, fóònù kì í bèèrè lọ́wọ́ yín. Èyí tí ẹ ti fi sílẹ̀ pẹ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ gbé kúrò, kí èyí tí ẹ ń lò lè ráyè. Áàpù tí wọ́n ṣe dáadáa dà bí ọmọṣẹ́ tó gbọ́n: á ti kọ iṣẹ́ yín sílẹ̀ nínú yàrá kó tó kúrò lórí àtẹ. Èyí tí wọn ò ṣe dáadáa, òfìfo lẹ máa bá.

Kí la wá máa ṣe?

1. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ fọ́ọ̀mù gígùn, ẹ kọ gbogbo ohun tí wọ́n máa bèèrè sórí bébà. Ẹ má jáde láàárín.
2. Níbi tí ẹ bá ti rí "Save", ẹ tẹ̀ ẹ́.
3. Ojú ìwé Chrome tí ẹ ò lò mọ́, ẹ tì í pa.
4. Èyí ló ṣe pàtàkì jù: bí áàpù báńkì bá pa ara rẹ̀ nígbà tí ẹ ń fi owó ránṣẹ́, ẹ má sáré fi òmíràn ránṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wo àkáǹtì yín bóyá ti àkọ́kọ́ ti lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì lowó lè lọ, kí ẹ tó gbà á padà á di wàhálà.

Ọjà á tà wá o. Èmi akọ̀wé yín ni.