Iṣẹ́ Àgbàṣe àti Owó Ìrànwọ́: Báwo Ni A Ṣe Ń Dá Wọn Mọ̀?

Nígbà tí ìjọba bá kéde pé òun ti fi owó sílẹ̀ fún ètò kan, ìbéèrè tí àwọn ará ìlú sábà máa ń bi wá ni pé, "Ta ni wọ́n gbé owó náà fún?" Ìbéèrè tó dára ni. Ṣùgbọ́n òmíràn wà tó yẹ kó ṣíwájú rẹ̀: irú owó wo ni? Ọ̀nà méjì pàtàkì ni owó ètò ìjọba ń gbà dé ọwọ́ ẹlòmíràn: iṣẹ́ àgbàṣe, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní kọńtíráàtì, àti owó ìrànwọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi aṣọ ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tó gbé aṣọ lọ sọ́dọ̀ aránṣọ ti sọ irú ẹ̀wù tó fẹ́, ọjọ́ tí yóò gbà á àti iye tí yóò san. Òun ló ni ẹ̀wù náà. Bí kò bá bá a mu, aránṣọ ni yóò tún un ṣe. Iṣẹ́ àgbàṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹni yìí bá fún ọmọ aládùúgbò rẹ̀ lówó kí ó fi kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán, kò ra nǹkan kan. Ìlọsíwájú ọmọ náà ló ń wá. Owó ìrànwọ́ nìyẹn. A kì í san án padà bí owó yíyá, ṣùgbọ́n ohun tí a torí rẹ̀ gbà á nìkan ni a gbọ́dọ̀ fi ṣe.

Owó kan náà tilẹ̀ lè yí padà lójú ọ̀nà. Òfin Ètò Ẹ̀kọ́ Kárí-ayé ti ọdún 2004 là á sílẹ̀ pé kí ìjọba àpapọ̀ máa ya owó sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, kò sì gbọdọ̀ dín ní ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún àpò owó àgbájọ rẹ̀. Nígbà tí àjọ UBEC bá pín in fún àwọn ìpínlẹ̀, tí ìpínlẹ̀ sì fi ìdá tirẹ̀ lé e, owó ìrànwọ́ ni. Bí àjọ SUBEB bá wá pe àwọn kọ́lékọ́lé láti figa gbága lórí kíkọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ó ti di iṣẹ́ àgbàṣe. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìgbìmọ̀ alámòójútó ilé-ìwé ní àdúgbò ni a fún ní owó náà, kí àwọn fúnra wọn fi tún òrùlé ṣe, owó ìrànwọ́ ṣì ni.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti orúkọ lásán. Bí a bá pe iṣẹ́ àgbàṣe ní owó ìrànwọ́, a lè gbé e fún ojúlùmọ̀ láìfi iye wéra. Bí òrùlé bá ṣí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó lè ṣòro láti dá ẹnikẹ́ni padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí a bá sì gbé òfin iṣẹ́ àgbàṣe ka owó ìrànwọ́ lórí, a ó máa bi abúlé kékeré ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ tí kò ní, àǹfààní náà yóò sì fò ó dá.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí iṣẹ́ ìjọba ní àdúgbò yín, ẹ béèrè báyìí. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ àgbàṣe: ta ló gbà á, èló ni, ìgbà wo ni yóò parí, ǹjẹ́ ohun tí ìwé àdéhùn sọ ni a ń rí? Bí ó bá jẹ́ owó ìrànwọ́: kí ni a ní kí a fi ṣe, ta ni ìgbìmọ̀ tó gbà á, níbo ni àkọsílẹ̀ ìnáwó wà? Kí ìgbìmọ̀ tó gba irú owó bẹ́ẹ̀ má ṣe kà á sí owó ọ̀fẹ́, nítorí èyí tí a bá ná ní ìnákúnàá ni ìjọba lè gbà padà.

Owó ìlú ni méjèèjì. Ẹ̀yin lẹ ni ín.