Ibà kan náà, ọmọ méjì: ẹ má wá àjẹ́ kiri

Ẹni tó bá mọ Ogbe-Ijoh, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Warri South-West, mọ̀ pé ìlú etí omi ni. Níbi tí omi bá wà, ẹ̀fọn kì í jìnnà.

Ọmọ ìyá méjì lè sùn lórí ẹní kan, kí ẹ̀fọn jẹ àwọn méjèèjì. Ara ọ̀kan á gbóná díẹ̀, tó bá di ọjọ́ kejì á ti máa ṣeré kiri. Gìrì á gbé èkejì, wọn á sáré gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ọsibítù. Bí ọ̀rọ̀ bá yíwọ́, ẹnìkan á ní: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ìyá àgbà tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló máa ń jìyà rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tí àwọn onímọ̀ rí. Ọlọ́run dá ẹ̀ṣọ́ mọ́ ara wa. Bí ẹ̀ṣọ́ yìí bá ti rí kòkòrò àìsàn, á figbe ta, ara á sì gbéjà kò ó. Ọ̀kan nínú wọn ni TLR4. Lọ́dún 1998, Bruce Beutler àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ fi hàn pé òun ló ń dá èèpo ara àwọn bakitéríà kan mọ̀. Iṣẹ́ yìí wà lára ohun tó mú kí Beutler gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2011.

Ṣùgbọ́n ìka ò dọ́gba. Bí ọmọ ìyá kan náà ṣe lè jẹ́ AA àti AS, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n jogún lè yàtọ̀. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2006, lórí ọmọdé 870 ní Gáná, fi hàn pé ibà líle máa ń wọ́pọ̀ jù lára àwọn tí TLR4 wọn yàtọ̀ lọ́nà méjì kan. Ẹ̀ṣọ́ tó bá ń pariwo jù náà léwu, torí ìjà tí ara ń jà lè ba ara fúnra rẹ̀ jẹ́.

Àbímọ́ nìkan kọ́ ló ń fà á o. Pípẹ́ ká tó dé ọsibítù náà ń pa ọmọ. Nítorí náà, ẹ ta nẹ́ẹ̀tì lálaalẹ́. Bí ara ọmọ bá gbóná, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lọ́jọ́ náà, ẹ má sọ pé ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ fúnra rẹ̀.

Ẹ fi ìyá àgbà sílẹ̀. Ẹ̀fọn ni ká gbógun tì.