Ẹ̀jẹ̀ Ta Ló Wà Nínú Ìwọ́ Ọmọ?

Ìlànà tuntun tí àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà gbé jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2025 ló tún dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀: bí ara ọmọ tuntun bá le, kí agbẹ̀bí dúró fún ìṣẹ́jú kan, ó kéré tán, kó tó so ìwọ́ rẹ̀. Láti ọdún 2012 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń sọ pé ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta ló dára.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣì mú níbẹ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ ìyá ni ọmọ ń fà nígbà tí wọ́n bá dúró. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ fúnra rẹ̀ ló wà nínú ìwọ́ àti ibi ọmọ. Tí ọmọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ìwọ́ náà á nípọn, á máa dán, á sì máa lù kìkì bí ọkàn. Tó bá yá, á rọ̀, á funfun, lílù náà á sì dákẹ́. Láàárín ìṣẹ́jú kan, nǹkan bíi mílílítà 80 ti wọlé sára ọmọ. Tó bá fi máa di ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó lè tó 100. Kò ju ìdá kan nínú márùn-ún omi inú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan lọ, àmọ́ gbogbo ẹ̀jẹ̀ ọmọ tó wọn kílò mẹ́ta kò ju nǹkan bíi 240 lọ.

Irin inú ẹ̀jẹ̀ yìí ni ọmọ á máa jẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nínú ìwádìí Ola Andersson ní Sweden, tó jáde lọ́dún 2011, irin kò tó lára ìdá 5.7 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ tí wọ́n tètè so ìwọ́ wọn nígbà tí wọ́n pé oṣù mẹ́rin, ìdá 0.6 péré ni láàárín àwọn tí wọ́n dúró fún. Ní Nàìjíríà, ìwádìí ìjọba ọdún 2018 rí i pé ọmọ 68 nínú ọgọ́rùn-ún, láti oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún, ni ẹ̀jẹ̀ kò tó lára wọn.

Ìyá ńkọ́? Láti nǹkan bí ọdún 1960 ni wọ́n ti so gígé ìwọ́ kíákíá pọ̀ mọ́ abẹ́rẹ́ oxytocin láti dènà ìsun ẹ̀jẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà ló ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì lè gún un nígbà tí ìwọ́ ṣì ń lù. Àgbéyẹ̀wò ọ̀pọ̀ ìwádìí tí àjọ Cochrane gbé jáde lọ́dún 2013, tó kó obìnrin 3,911 pọ̀, kò rí i pé dídúró fi kún ìsun ẹ̀jẹ̀. Àwọn eléwé ọmọ tó máa ń jẹ́ kí ibi ọmọ bọ́ kí wọ́n tó gé ìwọ́ kò ṣe ohun tó burú níbi tá a dé yìí.

Àgbéyẹ̀wò kan náà ló rí i pé ibà pọ́njú tó gba ìtọ́jú pọ̀ díẹ̀ sí i lára àwọn ọmọ tí wọ́n dúró fún. Èyí ló yẹ kó kàn wá, torí pé ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin wa ni èròjà G6PD kò tó lára wọn, tí ibà náà sì tètè ń le sí wọn lára. Lójú tèmi, kò tó ìdí láti máa kánjú gé ìwọ́. Kí wọ́n máa wo ojú ọmọ dáadáa nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kí ẹnikẹ́ni má sì fi káńfọ̀ sáàárín aṣọ rẹ̀, torí ó lè dá ibà náà sílẹ̀ lára ọmọ tí G6PD kò tó lára rẹ̀. Bí ojú ọmọ bá pọ́n, àwọn tó wà ní abúlé etí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́ kò gbọdọ̀ fi ọ̀la ṣe, torí ọ̀nà ilé ìwòsàn jìn.

Bí ọmọ kò bá mí, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára ìyá, iṣẹ́ agbẹ̀bí ni láti pinnu, ó sì lè gé e lójú ẹsẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀yin aláboyún Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá nọ́ọ̀sì tàbí eléwé ọmọ yín sọ ọ́ kó tó di ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Kọ́bọ̀ kò ní í jáde lápò yín.