Bí Igi Bá Wó Sínú Adágún Ẹ̀yìnkùlé

Àwọn àgbà ní, bí igi bá wó lu igi, ti òkè ni a kọ́kọ́ ń gbé. Bí igi bá wó lu omi ńkọ́? Ìbéèrè yìí kan àwa ọmọ Yorùbá tí a fi ilẹ̀ Plateau ṣe ilé, tí a sì ní adágún kékeré lẹ́yìn ilé wa. Òmíràn jẹ́ kòtò tí àwọn awakùsà fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń wa tánńganran. Òmíràn, àwa fúnra wa ni a gbẹ́ ẹ kí a lè rí omi bu sí ẹ̀fọ́ nígbà ẹ̀rùn.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò wó igi yukalíptọ́ọ̀sì kan sínú irú adágún bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ilé tí mo ń gbé ní Bukuru. Àwa ará ilé kó ara wa jọ ní ọjọ́ Sátidé, a sì fa gbogbo rẹ̀ jáde kí oòrùn tó wọ̀: ìtì, ẹ̀ka, ewé àti ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀. Inú wa dùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òkú epìyà ti léfòó. Kò pẹ́ tí tanwíji fi kún omi náà, ẹ̀fọn kò sì jẹ́ kí àwọn ọmọ wa sùn. Bàbá àgbà kan láàrin wa wí pé, “Ẹ̀yin ọmọ mi, omi tí ẹ ní ẹ fọ̀, ẹ ti pa á.”

Òótọ́ ni bàbá sọ. Ewé tí ó ń jẹrà nínú omi a máa gba afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ kún fún irú ìjẹrà bẹ́ẹ̀. Bí a bá rú u sókè lẹ́ẹ̀kan náà, afẹ́fẹ́ inú omi lè tán, pàápàá ní ìdájí tí ó máa ń kéré jù lọ. Àrọ̀ lè yọrí síta kí ó mí; epìyà kò ní irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀. Bákan náà, inú ẹrẹ̀ àti láàrin ẹ̀ka ni ọmọ lámilámi ń gbé, ó sì wà lára àwọn tí ń jẹ tanwíji. A kó ọdẹ dànù, a fi ẹran sílẹ̀.

Irú ìkánjú yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjì òru ọjọ́ 15 mọ́jú ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 1987 wó igi tí ó tó mílíọ̀nù 15. Lẹ́yìn náà ni àwọn olùtọ́jú igbó rí i pé, ní ọ̀pọ̀ ibi, ìkánjú kó igi náà kúrò ba ilẹ̀ jẹ́ ju ìjì fúnra rẹ̀ lọ.

Kí ni ó yẹ ní ṣíṣe? Ti òkè náà ni kí a kọ́kọ́ gbé. Kí a pe agégi tí ó mọṣẹ́, nítorí ẹ̀ka tí ìtì tẹ̀ mọ́lẹ̀ lè ta sókè kí ó sì ṣe ènìyàn léṣe. Orí ilẹ̀ ni kí ó ti lo ayùn ẹlẹ́ńjìnnì, kí epo má baà kán sínú omi. Kí a tètè kó ewé tí ó léfòó. Ti yukalíptọ́ọ̀sì àti ti dóńgóyárò kò bá ẹ̀dá inú omi lára mu rárá. Kí a kó o jọ sí etí omi di ọjọ́ kejì, kí àwọn ẹ̀dá kéékèèké tí ó bá a jáde lè rápálá padà, kí a tó gbé e lọ síbi tí yóò ti di ajílẹ̀.

Ní ti ẹrẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó di ìparí òjò. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni kí a kó lẹ́ẹ̀kan, kí a sì sinmi fún ọjọ́ mélòó kan kí a tó tún kó. Kí a fi ìtì kan sílẹ̀, ìdajì nínú omi, ìdajì lórí ilẹ̀, kí a sì dè é mọ́lẹ̀ dáadáa. Orí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọ́ yóò máa jókòó sí, ara rẹ̀ sì ni ọmọ lámilámi yóò gùn kí ó tó bọ́ awọ kí ó sì fò.

Ẹ má ṣe da kẹrosíìnì tàbí oògùn apakòkòrò sínú omi. Ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá ni yóò jọ pa. Ẹ má ṣe wọ inú rẹ̀ láìwọ bàtà róbà gígùn, nítorí àtọ̀sí ajá. Bí ó bá sì jẹ́ kòtò awakùsà tí ó jìn, ẹ má ṣe wọ̀ ọ́ rárá. Irú kòtò bẹ́ẹ̀ ti gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ.

A tún wá epìyà mìíràn dà sínú adágún wa. Nígbà tí ìjì tún wó igi sínú rẹ̀, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni a fi ṣe iṣẹ́ tí a fi ọjọ́ kan ṣe tẹ́lẹ̀, ẹja kan kò sì kú. Lóòótọ́, ilẹ̀ àjò ni a wà. Ṣùgbọ́n omi tí a bá láàyè, ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀ láàyè.