Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Oúnjẹ Ológbò Àgbà Tí Àìsàn Kíndìnrín Ṣẹ̀ṣẹ̀ Mú

Ológbò àgbà tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń rẹ̀ kì í lè dá omi dúró sára dáadáa mọ́. Á máa mu omi púpọ̀, á sì máa tọ̀ léraléra. Oúnjẹ inú agolo, tí omi tó nǹkan bí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ló dára fún un ju oúnjẹ gbígbẹ lọ.

Èròjà fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú oúnjẹ rẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ dín kù. Egungun kún fún èròjà yìí, torí náà kò yẹ kó máa jẹ ẹ́. Síbẹ̀, a kì í yọ ẹran kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀ pátápátá, nítorí iṣan ológbò àgbà tètè ń joro. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ ni dókítà ẹranko fi ń mọ ìwọ̀n fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti ẹran tó yẹ ẹ́.

Díẹ̀díẹ̀ ni a ń pààrọ̀ oúnjẹ. Bí ológbò náà bá kọ tuntun, ti àtijọ́ ni kó jẹ: àìjẹun ọjọ́ mélòó kan lè ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́.