Ẹ̀kọ́ Olùrànlọ́wọ́ Dókítà Ẹranko Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Olùrànlọ́wọ́ dókítà ẹranko ni ẹni tí ó ń di ẹran mú nígbà tí dókítà bá ń yẹ̀ ẹ́ wò, tí ó ń wọ̀n bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó, tí ó ń tọ́jú oògùn àti abẹ́rẹ́, tí ó sì ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá ṣe sínú ìwé. Sísọ àrùn tí ó ń ṣe ẹran àti oògùn tí a ó fún un kò sí lára iṣẹ́ rẹ̀. Dókítà tí orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Veterinary Council of Nigeria, ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣàkóso iṣẹ́ náà, ni òfin fi èyí lé lọ́wọ́. Ní Àgọ́ Aláyè àti káàkiri agbègbè Ọ̀rẹ̀ àti Odígbó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń sin ewúrẹ́ àti adìyẹ mọ́ iṣẹ́ oko, irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì, nítorí pé kí dókítà tó ti ìlú dé abúlé, àìsàn ti lè pa ẹran ilé kan tán.

Ọ̀nà tí ó ti pẹ́ láti kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú ẹran ní Nàìjíríà ni kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ilé-ìwé, irú èyí tí ó wà ní Moor Plantation ní Ìbàdàn, tàbí èyí tí ó wà ní Vom ní Ìpínlẹ̀ Plateau, níbi tí iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran ti bẹ̀rẹ̀ láti 1924. Kò rọrùn fún ẹni tí oko àti ọmọ wẹ́wẹ́ ń wò lójú láti ṣí kúrò nílé bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lórí fóònù rẹ̀ ní alẹ́, ó lè kọ́ nípa ẹ̀yà ara ẹran, bí àrùn ṣe ń ràn, ìṣirò ìwọ̀n oògùn, àti ìdí tí a fi ń tọ́jú ọ̀pọ̀ àjẹsára sínú òtútù tí ó wà láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Iṣẹ́ ọwọ́ ni fóònù kò lè kọ́ ọ. Fún àpẹẹrẹ, àjẹsára I-2 wà fún lùkúlùkú, àrùn tí ó máa ń gbá adìyẹ ilé lọ nígbà ọyẹ́: ẹ̀kán kan ṣoṣo ni a ń kán sí ojú kan, a ó sì tún un ṣe lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Ó jọ iṣẹ́ kékeré, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fún adìyẹ mọ́wọ́ jù lè sé e léèémí, bí ó bá sì dẹ ọwọ́ jù, adìyẹ yóò gbọn orí, oògùn yóò sì dà sílẹ̀. Ẹni tí ó ń ṣe é ní láti yí orí adìyẹ sí ẹ̀gbẹ́, kí ó má ṣe jẹ́ kí ẹnu ìgò kan ẹyinjú, kí ó sì dúró títí adìyẹ yóò fi ṣẹ́jú, kí ó tó fi í sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti tẹmómítà tí a ń kì bọ ihò ìdí ewúrẹ́; ẹni tí ó ń kà á sì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ara ewúrẹ́ tí kò ní àìsàn kankan a máa gbóná tó 39 lórí òṣùwọ̀n Celsius, èyí tí ó jẹ́ ibà lára ènìyàn.

Ìdí nìyí tí Purdue University ní Amẹ́ríkà, tí ó ń kọ́ni ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ẹranko láti ọ̀nà jíjìn, fi ń béèrè pé kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ẹran, lábẹ́ ojú ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ní Àgọ́ Aláyè, ẹran kò wọ́n. Ẹni tí yóò dúró ti akẹ́kọ̀ọ́ ni ó wọ́n. Bí ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ọ̀rẹ̀, bá fi irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ sábẹ́ dókítà ẹranko kan, owó dátà tí ó ná kò ní ṣòfò. Síbẹ̀, ìwé-ẹ̀rí láti òkè òkun kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti máa gún ẹran lábẹ́rẹ́ bó ṣe wù ú, nítorí pé àìlo oògùn bó ṣe yẹ ń sọ kòkòrò àrùn di èyí tí oògùn kò ràn mọ́, lára ẹran àti lára ènìyàn tí ó jẹ ẹ́.

A ti rí ohun tí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè ṣe. Ní 2011 ni àwọn àjọ àgbáyé kéde pé rinderpest, àjàkálẹ̀ àrùn màlúù, ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ní àwọn apá kan Ìlà-Oòrùn Áfíríkà tí dókítà kò lè dé, àwọn darandaran tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ ni wọ́n gbé àjẹsára rẹ̀ tí ooru kì í tètè bà jẹ́ kiri. Nísinsìnyí, àwọn àjọ náà ti fi 2030 ṣe gbèdéke fún mímú òpin bá kátà, àrùn tí ń mú kí ikun máa dà lójú àti imú ewúrẹ́, kí ẹnu rẹ̀ di egbò, kí ó sì máa yàgbẹ́ gbuuru títí yóò fi kú. Wọ́n ń ṣe àjẹsára rẹ̀ ní Vom, abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo sì lè dáàbò bo ewúrẹ́ fún ọdún mẹ́ta. Ẹni tí ó kù ni ẹni tí yóò di ewúrẹ́ náà mú ní Àgọ́ Aláyè, tí yóò kọ iye tí wọ́n gún sínú ìwé, tí yóò sì pe dókítà ní Ọ̀rẹ̀ nígbà tí ẹran kan bá kọ oúnjẹ.